Ìrù Igbà Akínpẹ̀lú

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹni yín ń fi okùn ṣiṣẹ́ òòjọ́.

1. Ọ̀pẹ ni Akínpẹ̀lú ń gùn ní oko wọn lẹ́yìn Ìkẹ́rẹ́. Olúwatóyìn, ìyàwó rẹ̀, ń kọ́ àwọn ọmọ girama ní sáyẹ́ǹsì. Okùn ọ̀rá ni Akínpẹ̀lú fi ṣe igbà tó ń gbé e dúró lára ọ̀pẹ. Ọdún méje ló ti ń lò ó, ó sì máa ń yangàn pé, "Igbà mi kò gùn sí i, kò kúrú sí i."

Lójú, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ṣùgbọ́n nígbàkígbà tí igbà bá fà tó sì dẹ̀, Akínpẹ̀lú yóò tú kókó, yóò fa okùn wọlé, yóò tún un so. Ìrù okùn tó yọ lẹ́yìn kókó ló ń gùn sí i.

2. Olúwatóyìn rí ìrù náà níjọ́ kan tí wọ́n ń ṣa ẹyìn.

"Bàbá Dayọ̀, okùn yìí ti tínrín. Okùn tó le, bí ẹ bá fà á tí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀, á padà sí bó ṣe wà. Èyí tó fà tí kò padà mọ́, inú rẹ̀ ti ń já díẹ̀díẹ̀ nìyẹn."

Akínpẹ̀lú rẹ́rìn-ín. "Tíṣà! Ọ̀pẹ wo lo gùn rí? Bí ìrù rẹ̀ bá ń dẹ́rù bà ọ́, gé e dànù."

"Ẹ ra tuntun. Kò wọ́n."

"Kí àwọn ẹgbẹ́ mi máa sọ pé ìyàwó mi ló ń bá mi yẹ igbà wò?"

3. Ní Sátidé kan nínú oṣù Kẹta, igbà tún dẹ̀.

"Bá mi fa kókó yìí kó le."

Ọ̀rọ̀ náà ti sú Olúwatóyìn. Ó tẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fà á.

"Ó ti le," ló wí. Ọ̀rọ̀ tó bá ọkọ rẹ̀ sọ kẹ́yìn nìyẹn.

Akínpẹ̀lú gùn dé ọrùn ọ̀pẹ. Ó fara ti igbà láti ṣá ìdí ẹyìn. Kókó kò tú. Ibi tí okùn gbé gba ẹ̀yìn ọ̀pẹ kọjá ló já.

Lẹ́yìn ìsìnkú, Olúwatóyìn fi rúlà kíláàsì rẹ̀ wọn ìrù igbà náà. Ó gùn ju apá rẹ̀ lọ. Ọdún méje ni okùn fi ń kígbe, kókó ni wọ́n sì fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Ọwọ́ òun ló fa kókó tó kẹ́yìn le.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ má fi kókó bo àárẹ̀ okùn. Bí olówó orí yín bá ní kí ẹ bá òun fà á, ẹ gba igbà náà, ẹ jẹ́ kó bínú. Ẹni tó bá wà láàyè ló ń bínú.

Ibi tó bá tínrín ni okùn ti ń já.