Garawa Omi Ìyá Beathag

Torcuil ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì kò wọ inú rẹ̀ rí. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo nìyẹn, ó sì tó láti ba gbogbo ìyókù jẹ́.

Ní erékùṣù Lewis tiwa níbí, a kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Ìsinmi. Láti ọ̀sán Sátidé ni oníkálukú ti ń pọn omi sílé, tí à ń kó ilẹ̀ àbàtà tí a ti sá gbẹ wọlé láti fi dáná. Kò sí ẹni tó pa òfin yìí mọ́ bíi Torcuil. Fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, kò pa ìsìn kan jẹ. Ohun kan ṣoṣo ló kù tó ń wá: àmì onírin kékeré tí ènìyàn ń fi hàn kó tó lè jókòó sídìí tábìlì Olúwa láti jẹ oúnjẹ Olúwa. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń wá sí ṣọ́ọ̀ṣì títí a fi kú láìgbà á, nítorí àwọn àgbà ìjọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ ẹ̀rí ìgbàgbọ́ ẹni.

Ní Sọ́ńdè kan nígbà òtútù, Torcuil wọ kóòtù dúdú rẹ̀, ó ń lọ sí ìsìn. Ìyá Beathag, opó tó ń gbé ilé kejì, pè é láti ojú fèrèsé.

"Torcuil, ọmọ mi, dákun, bá mi pọn garawa omi kan. Mo ṣubú lánàá, mi ò lè tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀. Iná mi náà ti kú."

"Ìyá, ṣé ẹ mọ ọjọ́ tí òní jẹ́?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Òǹgbẹ ni ò mọ̀ ọ́n."

"Ẹ fara dà á dọ̀la. Màá rántí yín nínú àdúrà."

Lóòótọ́ ló rántí wọn. Ó gbàdúrà fáwọn opó débi pé ẹsẹ̀ ń ro gbogbo wa níbi tí a dúró sí. Ọjọ́ Ajé ni ẹni tó ń pín lẹ́tà rí Ìyá Beathag nílẹ̀, òtútù ti wọ̀ wọ́n lára. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n lò nílé ìwòsàn. Wọn ò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí àsìkò oúnjẹ Olúwa dé, Torcuil lọ síwájú àwọn àgbà ìjọ. Ruairidh, tó dàgbà jù nínú wọn, ní kó sọ ohun tí Olúwa ti ṣe nínú ayé rẹ̀. Ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ní í mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́.

"Ẹ̀yin bàbá mi, a dán mi wò, mo sì borí," ni Torcuil wí. "Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, Ìyá Beathag ní kí n pọn omi fún àwọn. Mo rí i pé òtútù ń mú wọn, àmọ́ mi ò ba ọjọ́ Olúwa jẹ́."



"Ta ló wá pọn omi náà?" Ruairidh bi í.

"Omi wo, bàbá?"

"Omi Ìyá Beathag."

Ruairidh ń bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ:

"Lọ́dún tó kọjá, àgùntàn mi já sí kòtò lọ́jọ́ Ìsinmi. Ìwọ lo bá mi fà á jáde, o ní Jésù fàyè gbà á. Ṣé opó ò wá tó àgùntàn ni? Máa lọ sílé, Torcuil. A ò ní àmì fún ọ."

Ní Sọ́ńdè tó tẹ̀ lé e, wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí tábìlì Olúwa gígùn náà. Ẹ̀yìn ni Torcuil jókòó sí. Ìyá Beathag tẹ̀pá wọlé, àmì tiwọn lọ́wọ́, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Torcuil, fún mi lọ́wọ́. Ìdí tábìlì jìn fún ẹsẹ̀ mi."

Ó dìde. Ó mú wọn dé ìdí tábìlì, ó fi wọ́n jókòó, òun nìkan sì padà sẹ́yìn lójú gbogbo wa. Ojú ti èmi tí mò ń wò ó pàápàá.

Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ kò fara sin. Àwọn àgbà ní ìwà lẹ̀sìn. Ẹni tó jókòó sí ṣọ́ọ̀ṣì fún ọgọ́rùn-ún ọdún, tí kò lè pọn omi fún ẹni tí òǹgbẹ ń gbẹ, ìjókòó lásán ló jókòó. Ẹ máa lọ sí ìsìn, ẹ má pa á jẹ. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ń lọ, ẹ bojú wo fèrèsé aládùúgbò yín. Olúwa tí ẹ ń wá lọ lè wà níbẹ̀, kó máa tọrọ omi.