Ọ̀rọ̀ Kan Péré Gba Ṣọ́ọ̀bù Lọ́wọ́ Ìyá Aránṣọ

Ẹ má fò ó o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ máa ń sáré fọwọ́ síwèé kí àwọn èèyàn má baà mọ̀ pé ẹ ò lè kà á.

1.
Ìyá aránṣọ kan wà, opó ni. Ṣọ́ọ̀bù kan ṣoṣo tí ọkọ rẹ̀ kọ́ fún un ló fi tọ́ ọmọ, òun náà ló fi ń jẹun. Bó o bá gbé aṣọ wá, á fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò, á ní, "Èyí á ṣá," tàbí, "Èyí á bá ọ kalẹ́." Kì í tàsé. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó rò pé bí wọ́n ṣe ń mọ aṣọ náà ni wọ́n ṣe ń mọ ìwé.

2.
Orúnkún dá a dúró. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ ni, á sì lo oṣù mẹ́ta lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin nílùú mìíràn. Àbúrò ọkọ rẹ̀, tó ń pè ní Akọ̀wé, bá wá.

"Aya wa, ta ló máa bójú tó ṣọ́ọ̀bù?"

"Ẹ̀yin ńkọ́, ọkọ mi? Títí n óò fi dé."

"Kò burú. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìwé sí i, kí ẹnikẹ́ni má yọ mí lẹ́nu."

Ọmọ rẹ̀ gbọ́ lórí fóònù. "Màámi, ẹ ya ìwé náà ní fọ́tò, kí n kọ́kọ́ kà á fún yín."

"Èmi tí mo rán ọ níléèwé, ìwọ ló fẹ́ máa kàwé fún mi? Jẹ́ n gbádùn!"

3.
Wọ́n dé ọ́fíìsì lọ́yà. Ìwé náà funfun, ó nípọn, òǹtẹ̀ pupa wà nídìí rẹ̀. Akọ̀wé ń wo ilẹ̀.

Lọ́yà ní, "Màmá, ṣé ẹ lè ka òyìnbó, àbí kí n túmọ̀ rẹ̀?"

Èèyàn méjì jókòó lẹ́yìn tí wọ́n ń wò ó.

"Ṣé mo jọ ará oko lójú yín ni?"

Ó tẹjú mọ́ ìwé, ó ń mi orí bí ẹni ń kà á. Ó fi ìka méjì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó nípọn dáadáa. Ó fọwọ́ sí i.

Ìlà kẹta lọ̀rọ̀ òyìnbó kan wà: irrevocable.

4.
Ó fi ọ̀pá rìn padà wálé lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Àgádágodo tuntun ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wà níta, wọ́n fi ọ̀rá bò ó.

"Akọ̀wé, kí lèyí?"

"Aya wa, ẹ̀yin náà lẹ fún mi."

"Mo ní kẹ́ ẹ bá mi ṣọ́ ọ ni!"

"Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀."

Ó gba ọ̀dọ̀ lọ́yà lọ. "Mo fẹ́ gbà á padà."

Lọ́yà fìka tọ́ka sí ọ̀rọ̀ kan. "Màmá, ìwé pé ẹ ta á lọ́rẹ lẹ fọwọ́ sí. Ọ̀rọ̀ yìí ní ẹni tó fúnni ò lè yí i padà mọ́ láéláé."

"Ọ̀rọ̀ kan péré? Ẹ bá mi gé e kúrò."

"Kì í ṣe aṣọ, Màmá. Bẹ́ ẹ bá dé kóòtù, adájọ́ á bi yín bóyá wọ́n túmọ̀ rẹ̀ fún yín. Èmi fẹ́ túmọ̀ rẹ̀. Kí lẹ fún mi lésì?"

Ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde.

Lónìí, abẹ́ àtẹ̀gùn ilé onílé ló ti ń tún ṣòkòtò ṣe. Bí òjò bá ṣú, á máa fi orúnkún yẹn gbé ẹ̀rọ sáré.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ọ̀rọ̀ yẹn ò burú o. Bó o bá fẹ́ fún ọmọ rẹ nílé, tó ò fẹ́ kí ọ̀rọ̀ yí padà láé, kọ ọ́ síbẹ̀. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé o kàn fẹ́ kí ẹnì kan bá ọ mójú tó nǹkan ni, tó o rí ọ̀rọ̀ náà lórí ìwé, ju bírò sílẹ̀! Bí o kò bá lè kà, sọ ọ́ síta. Ojú á tì ọ́ díẹ̀, kò ní pa ọ́. Abèèrè kì í ṣìnà.