Ẹni Tí Yóò Kọ́kọ́ Kí Fẹ́hìntọ́lá

Ìjọba kì í béèrè ilé mọ́ kó tó fún aláìnílé lówó ìrànwọ́. Kí ẹ̀rọ ìjọba tó wà lọ́rùn rẹ̀ ṣáà ti gbọ́, láàárín ọjọ́ méje, pé ẹnìkan ló kọ́kọ́ kí i láàárọ̀.

Ọjọ́ mẹ́fà ni Bàbá Awótóyè fi ń lọ kí Fẹ́hìntọ́lá lábẹ́ afárá. Kó tó lanu, obìnrin náà á ti kúnlẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá!"

Ẹ̀rọ kò ní kà á.

"Ọ̀la ni ọjọ́ méje náà parí o. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí ọ."

"Kí àgbà kọ́kọ́ kí mi? Ebi sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Lọ́jọ́ keje, bàbá bá a lójú oorun. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹní rẹ̀.

"Fẹ́hìntọ́lá, ṣé o jí ire?"

Iná ẹ̀rọ tàn. Obìnrin náà ta jí, ojú tì í.

"Ó ti kà á," ni bàbá wí. "Kúnlẹ̀ wàyí, ọmọ mi."