Adìyẹ Sàba Lójú Irin Òṣogbo

Awakọ̀ ojú irin ni Ìyá Rábí, àmọ́ pálọ̀ rẹ̀ ló ti ń wakọ̀. Bí rélùwéè kékeré orí tábìlì bá ti rìn, bẹ́ẹ̀ ni ọkọ̀ gidi ń rìn láti Èkó dé Ìlọrin.

Láàárọ̀ yìí, adìyẹ rẹ̀ fò gun tábìlì, ó jókòó lé ojú irin Òṣogbo bí ẹni tó jogún rẹ̀. Ọkọ̀ dúró gbọn-in.

Bàbá Rábí pè é látinú ọkọ̀. Yìgì ìyàwó kejì ló ń lọ so.

“Ìyá Rábí, kí ló dé?”

“Adìyẹ ló sàba.”

“Lé e kúrò.”

“Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé a kì í lé adìyẹ lórí ẹyin.”

Ó pa fóònù, ó sì wọ kíṣìnnì lọ wá ẹyin tí yóò kì sábẹ́ rẹ̀.