Ìdọ̀bálẹ̀ Ní Gulfton

"Ìdọ̀bálẹ̀ mi kì í tàsé! Òun ló gba Ọmọ́bọ́lá fún mi lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tó ti kọ̀ mí lẹ́ẹ̀mẹta!"

Èmi ni mò ń fọ́nnu báyìí fún Bọ̀dá Adéolú, ní Houston, ọdún 1988. Ó pé oṣù mẹ́ta tí èmi, ìyàwó àti ọmọ méjì ti ń sùn sí pálọ̀ wọn.

Lónìí, a fẹ́ gba apátímẹ́ǹtì tiwa ní àdúgbò Gulfton.

Màmá òyìnbó tó ń bójú tó ilé náà ṣílẹ̀kùn. Irun orí wọn funfun báláú.

Mo nà gbalaja!

Màmá figbe ta, wọ́n sáré gbá tẹlifóònù mú.

Mo ní ọ̀wọ̀ mi ti wọ̀ wọ́n lára. Mo bá tún àyà tẹ́ dáadáa.

Áńbúláǹsì dé. Wọ́n dè mí mọ́ ibùsùn. Mò ń ṣàlàyé, wọ́n ní kí n dákẹ́, kí n máa mí.

Nígbà tí mo fi ti ọsibítù padà dé, Màmá ní àjà kẹta ni ilé náà wà, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ń dáṣẹ́ sílẹ̀ ò lè máa gun àtẹ̀gùn. Wọ́n ti fún ẹlòmíì.

Nínú mọ́tò, Ọmọ́bọ́lá ò wojú mi.

"Bàbá Bùnmi, kọ́kọ́rọ́ ilé wa ló wà lọ́wọ́ Màmá yẹn. Wọ́n ń nà án sí yín lọ́wọ́ lẹ fi dọ̀bálẹ̀."

Bọ̀dá Adéolú ṣílẹ̀kùn fún wa.

"Ẹní yín ṣì wà nílẹ̀. Mi ò ká a."