Kú Ewu Tí Ìbídùn Kà Lábọ̀

Ẹ má ka ìtàn yìí dé ìdajì kí ẹ ní ẹ ti gbọ́. Ẹ kà á dé òpin, torí àìkà-dé-òpin ló bí i.

1.

Ìbídùn, ọmọ Àbẹ̀ní ní Ìtàjí-Èkìtì, ń bá ilé-iṣẹ́ kan ní Èkó ṣiṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ní kí kálukú máa ṣiṣẹ́ láti ilé, ó kó ẹrù rẹ̀ wá sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún kò ju kó ka lẹ́tà àwọn oníbàárà lórí kọ̀ǹpútà, kó sì dá wọn lóhùn. Iṣẹ́ ìjókòó, iṣẹ́ abẹ́ òrùlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti fi orí ru ẹ̀gẹ́ láti oko wálé, ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ tó dáa ni.

Ṣùgbọ́n fóònù kì í kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Yóò ka ìlà méjì nínú lẹ́tà, yóò bọ́ sórí Fesibúùkù. Yóò ka ìlà kan níbẹ̀, yóò bọ́ sórí Wásáàpù. Kò sí èyí tó ń kà tán. Obìnrin kan kọ̀wé pé, "Ẹrù mi ti dé, ẹ ṣeun, ṣùgbọ́n ó ti fọ́." Ìbídùn fèsì pé, "A bá yín yọ̀." Ọ̀gá rẹ̀ pè é, ó fọ̀rọ̀ gún un lára.

Ìyá rẹ̀ tó ń bó ẹ̀gẹ́ lẹ́yìnkùlé gbọ́ gbogbo rẹ̀.

"Ìbídùn, uṣẹ́ lo ń ṣe nínú ulé yìí, àbí fóònù lo ń fọwọ́ ra? Gbogbo ọbẹ̀ lò ń tọ́ wò, o ò jẹun kankan yó."

"Mọ́mì, ayé ti yára. Ta ló ń ka gbogbo ọ̀rọ̀ tán?"

"Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ni."

2.

Bàbá Ògúnjọbí ni ẹ̀gbọ́n bàbá Ìbídùn. Nígbà tí bàbá rẹ̀ kú, òun ló rán an nílé ìwé. Ọmọ kan ṣoṣo ni bàbá yìí bí, Florence, tó wà nílé ọkọ ní Ìbàdàn. Ọdún mẹ́jọ ni Florence fi wojú Ọlọ́run kó tó lóyún. Oyún ọ̀hún ti wọ oṣù méje.

Awọ funfun sì ti bo ojú bàbá. Ó ní òun ò ní máa fọwọ́ tá ojú ọmọ-ọmọ òun bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́. "Ẹ bá mi ṣe ojú yìí kí ọmọ náà tó dé. Mo fẹ́ mọ̀ bóyá imú mi ló gbé wá."

Àbúrò rẹ̀, Adéwùnmí, mú un lọ sílé ìwòsàn ní Ìdó-Èkìtì.

3.

Ní aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, Ìbídùn wà nídìí kọ̀ǹpútà. Fóònù dún. Ẹ mọ̀ pé fóònù a máa fi ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ hàn lókè, a sì gé ìyókù títí ẹ ó fi ṣí i. Adéwùnmí ló kọ̀wé sí gúrúùpù ẹbí, kò sì fi àmì ohùn kankan sí i:

"Won ti gbe baba jade ni yara ise abe. Baba Ogunjobi ku..."

Ibẹ̀ ló gé e sí.

Ìbídùn figbe ta. Ọkàn rẹ̀ gbọgbẹ́ lóòótọ́, ẹ jẹ́ ká má purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn tún wà lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí ìyá àgbà wọn kú, Níyì, ọmọ Adéwùnmí, ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà sórí Fesibúùkù, irinwó èèyàn ló sì bá a kẹ́dùn. Ìbídùn ò gbàgbé.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́yìnkùlé, kò ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Ìbídùn ò dìde lọ bá a. Ó wá fọ́tò bàbá jáde, ó gbé e sórí Fesibúùkù: "Sùn un re o, bàbá tó tọ́ mi."

Ṣé bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ nílẹ̀ wa nìyẹn? Àgbà méjì mẹ́ta ló ń lọ. Wọ́n á jókòó, wọ́n á bèèrè omi, wọ́n á wo bí ara onítọ̀hún ti rí, kí wọ́n tó la ẹnu. Aboyún ńkọ́? Wọn kì í sọ fún un títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀.

4.

Kò pẹ́, Adéwùnmí pè.

"Ìbídùn! Ta ló kú?"

"Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, sà."

"Kí ni mo kọ? Ṣí i! Kà á sí mi létí!"

Ó ṣí i. "Baba Ogunjobi ku... ewu..." Ìyókù wà níbẹ̀ tó ń wò ó: "Ewu ina kii pa awodi. Oju ti la."

Bàbá wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń mu ẹ̀kọ.

Ìbídùn pa ohun tó kọ rẹ́. Ṣùgbọ́n Florence ti rí i. Orí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ló wà, fóònù lọ́wọ́. Láti òkè ló ti já wálẹ̀.

Florence yè é. Ọmọ ò yè é. Ọkùnrin ni.

5.

Ní ọjọ́ kẹsàn-án, àgbà mẹ́ta wọlé tọ bàbá. Wọ́n jókòó. Èyí tó dàgbà jù ní kí wọ́n fún òun lómi.

Bàbá wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹ má wulẹ̀ bèèrè omi. Mo ti ń ríran."

Wọ́n sọ fún un.

"Gbogbo yín lẹ kí mi kú ewu," ó ní. "Ta ló wá gba ewu náà?"

Ìbídùn kọ lẹ́tà gígùn sí Florence lórí Wásáàpù. Ó fi gbogbo òwúrọ̀ kọ ọ́, ó sunkún sí i. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló hàn lókè fóònù Florence: "Anti mi, e jowo, e dari..."

Florence kà á mọ níbẹ̀. Títí dòní, kò ṣí i.

Ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ṣiṣẹ́ nílé, ẹ gbé fóònù sí yàrá kejì títí iṣẹ́ yóò fi tán. Ohun tí ẹ bá fẹ́ kà, ẹ kà á tán. Èyí tí ẹ ò kà tán, ẹ má gbé e fún ẹlòmíràn. Bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ikú, ẹ gbé ìdí yín ńlẹ̀, kí ẹ lọ bi àgbà.

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Ẹnu èèyàn ni wọ́n ní kó ti jáde o. Àbọ̀ ọ̀rọ̀ tó bá ti ojú fóònù wá, òkú odindi ló ń dà.