Ọ̀gẹ̀dẹ̀ Inú Ilé Gíláàsì

Nọ́ọ̀sì kan bọ́ kóòtù lọ́rùn ìyá rẹ̀, ó bọ́ tirẹ̀ náà. Òtútù ń mú ní Torino ní ilẹ̀ Ítálì, ṣùgbọ́n nínú ilé gíláàsì ọgbà ewéko yìí, ooru mú bíi ti ẹ̀yìnkùlé lẹ́yìn òjò.

"A ti délé, mà," ó purọ́.

"A dúpẹ́ o." Ìyá náà fọwọ́ pa ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ kan. "Ta ló gbin eléyìí?"

"Dádì ni, mà."

"Irọ́! Bàbá ẹ tí kò mọ ọ̀nà oko!"

Nọ́ọ̀sì náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, kì í sunkún, kì í rẹ́rìn-ín nílé wọn ní Nichelino. Ibi iṣẹ́ àti ibùsùn nìkan ló mọ̀. Bí kì í bá ṣe ti ìyá rẹ̀ tí iyè rẹ̀ ti ra, tó máa ń sunkún "Mú mi lọ sílé" ní gbogbo Sọ́ńdè, kò ní jáde rárá.

Wọ́n lu aago pé àwọn fẹ́ ti ọgbà. Ìyá náà mú kóòtù ọmọ rẹ̀, ó wọ̀ ọ́ fún un, ó sì de bọ́tìnnì rẹ̀ dé ọrùn.

"Yára, kí bọ́ọ̀sì Nichelino má fi wá sílẹ̀."

Nọ́ọ̀sì náà tẹjú mọ́ ọn. "Màmá, ṣebí ẹ gbà pé ilé la wà?"

"Sọ́ńdè tó ń bọ̀," ni ìyá rẹ̀ wí, "màá tún sunkún."